Ìgò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bèèrè

Lọ́dún 1984, ọdún kẹta tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, mo rí Maltina ilé wa ní ṣọ́ọ̀bù ará Íńdíà kan. Mo dúró níbẹ̀ mu ún tán, mo sì na ìgò òfìfo sí ọkùnrin náà. Ó ní kí n lọ jù ú nù. Inú bí mi. Ta ní ń ju ìgò nù?

Ní Òmù-Àrán, bí mo bá gbé ìgò kọjá ilẹ̀kùn Ìyá Rúùtù tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ọmọ Barnabas, ìgò mi dà?"

Mo mú ìgò náà dání jáde. Mo rọra ń rìn títí mo fi dé ìkóríta. Kò sẹ́ni tó pe ọmọ Barnabas.