Àmúdàtù Kò Sí

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Àmúdàtù." Ohun tí kọ̀ǹpútà kọ síwájú Ọmọ́fẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Àmúdàtù fúnra wọn, màmá arúgbó kan, ló jókòó tì í, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

"Èmi ni kò sí?" Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, tún un wò. Mi ò tíì kú o."

Ọmọ́fẹ́ tún orúkọ náà tẹ̀. Kò sí. Lánàá, orúkọ tirẹ̀, tí ó tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yìí kan náà, ni ó fi dán ètò tuntun tí ó kọ wò, ó sì jáde wẹ́rẹ́. Òní ni ilé ìwòsàn kékeré yìí, ní Bódìjà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá orúkọ aláìsàn. Bí kò bá ṣiṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ètò àtijọ́ tí Luqman kọ ni wọn yóò padà sí.

Luqman! Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, tí Ọmọ́fẹ́ bú níwájú gbogbo èèyàn pé ètò rẹ̀ ń yọ àmì ohùn kúrò lórí orúkọ olórúkọ. Ìwà ọ̀lẹ, ni ó pè é. Ṣé òun tí kò lè wá orúkọ arúgbó kan rí ni yóò wá pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà? Abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò sọ bí ó ti ń rí, bí ó bá jẹ́ ẹni tí a bú ni ó mọ̀nà.

Ó tẹ̀ ẹ́ láago. "Bọ̀dá Luqman, ẹ jọ̀ọ́. Kò yé mi."

Luqman gun ọ̀kadà wá láti Àgbowó. Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó mirí. "Ọ̀tá mi àtijọ́ nìyí. Orí fóònù ni nọ́ọ̀sì ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀, àbí? Fóònù ka 'à' sí lẹ́tà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà tìrẹ kọ 'a', ó wá gbé àmì lé e lórí. Lójú tiwa, ọ̀kan ni. Lójú ẹ̀rọ, méjì ni."

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mo bá a jà títí ó fi sú mi. Ni mo bá yọ gbogbo àmì dànù." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kì í ṣe ọ̀lẹ, àbúrò. Mi ò mọ̀ ọ́n tún ṣe ni."

Ọmọ́fẹ́ yíjú sí i. "Ẹ má bínú sí mi. Bí a bá kọ́kọ́ sọ méjèèjì di irú kan náà, ká tó fi wọ́n wéra ńkọ́? Kò dá mi lójú o."

Luqman fa àga sún mọ́ ọn. "Kọ ọ́, ká wò ó."

Ọmọ́fẹ́ kọ ọ́. Ó ṣì í kọ. Luqman tọ́ka sí i. Ó tún un kọ, kò jiyàn. Àmúdàtù yọ lójú kọ̀ǹpútà, àmì rẹ̀ pé pérépéré.

"Àmúdàtù, o kú àbọ̀!" Màmá kí ara wọn.

Ọmọ́fẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà, níbi tí ó kọ orúkọ tirẹ̀ nìkan sí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é. Ó fi kún un: àti Luqman. Ó wo orúkọ náà títí. Kò ní àmì kankan lórí. Ẹni tí orúkọ tirẹ̀ kò ní àmì ló ti ń bá ẹ̀rọ jà nítorí àmì orúkọ ẹlòmíràn.