Aránṣọ Tó Rán Ara Rẹ̀ Mọ́ Aṣọ Ìyàwó

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n sọ ti aránṣọ kan tó ka oorun sí ọ̀tá.

Lọ́jọ́ kan, àìsùn mú kí ojú rẹ̀ pọ́n. Ọkọ rẹ̀ ní kó lọ sùn díẹ̀. Ló bá fara ya: "Ẹ̀yin tí ẹ ò lè rán bọ́tìnnì, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi rán aṣọ ìgbéyàwó ọ̀la?"

Lọ́sàn-án, oorun gbé e lọ nídìí ẹ̀rọ, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró, ó ń tẹ ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí ìyàwó tó ni aṣọ wá gbà á, aránṣọ fò dìde, aṣọ náà bá a dìde. Ó ti rán an mọ́ síkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀!

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwa méjèèjì la jọ ń ṣègbéyàwó ni?" ni ìyàwó figbe ta.

Aránṣọ bú ẹ̀rọ, ó bú òwú, ó bú ọkọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Ó mú sísọ́ọ̀sì láti tú u, ṣùgbọ́n àìsùn ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, díẹ̀ ló kù kó ya aṣọ náà. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé ara òun gan-an ló yẹ kí òun bínú sí. Ó wọ yàrá, ó bọ́ síkẹ́ẹ̀tì tòun ti aṣọ ìyàwó, ó sì jágbe látinú ibẹ̀: "Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́! Mo fẹ́ sùn!"

Nígbà tó jí, ọwọ́ rẹ̀ ti balẹ̀, ó sì tú aṣọ náà láì ya á.

Ìyá ìyá mi ni ìyàwó ọ̀hún. Òun ló sọ ọ́ fún mi, inú ṣì ń bí i.