Ẹ̀rọ Tí Ọ̀gá Muriithi Fi Ń Tẹ́tí sí Òṣìṣẹ́

“Aṣáájú tí kò bá ní etí ìgbọ́ràn, kì í ṣe aṣáájú,” ni Muriithi wí, ó sì dákẹ́ kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Tíì àti màǹdáásì, ìyẹ̀fun dídín tó dà bíi pọ́fù-pọ́fù, ló kó ọ̀pọ̀ wọn wá sí gbọ̀ngàn iléeṣẹ́ náà ní Nairobi, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìṣàkóso. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀. Ta ni yóò ká ọwọ́ gbera?

Nanjala, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, jókòó lẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè é láti ilé ní Kitale pé ìyá rẹ̀ kò ní pẹ́ kú. Òun ló wà lórí ìṣọ́ nígbà náà: bí ẹ̀rọ tí àwọn ilé ìwòsàn ń lò bá dákú, òun ni yóò jí i. Apiyo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbà láti dúró fún un. Àṣẹ Muriithi nìkan ló kù, nítorí ẹni tó bá fi ìṣọ́ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó kọ̀wé sí i lórí fóònù. Èsì dé kíá. “Nanjala, ìrora rẹ ká mi lára. Mò ń gbọ́ ọ. Ṣe sùúrù díẹ̀, a ó jọ wá ọ̀nà sí i.”

Ọ̀rọ̀ náà tù ú nínú débi pé ó sunkún. Ó di báàgì rẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń retí ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ kú kí ọ̀nà tó dé.

“Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ẹ̀rọ yìí,” ni Muriithi ń wí báyìí nínú gbọ̀ngàn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó bí ìbejì. “Nílé ni, lópin ọ̀sẹ̀, mo kàn fi ń ṣeré. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ̀wé sí mi, òun ló ń ronú, òun ló ń fi ohùn mi dáhùn. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ẹ̀rọ náà ti yọ orúkọ kúrò o.”

Ọ̀rọ̀ Nanjala àti èsì rẹ̀ yọ lára ògiri, wọ́n tóbi ju ilẹ̀kùn lọ.

“Ọ̀gá,” ni Apiyo wí, “ẹni yẹn ńkọ́? Ṣé ó padà rí ìyá ẹ̀?”

“Apiyo, ìbéèrè ẹ kì í tán. Ṣé o ti di lọ́yà ni?” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. “Wo bí èsì yẹn ṣe dùn tó. Mi ò tiẹ̀ nílò láti ka ohun tó kọ.”

“Ṣé ẹ ò kà á?” Nanjala ti dìde.

“Jókòó jàre, ìbéèrè ń bọ̀ tó bá yá.” Muriithi kò mọ̀ pé Nanjala ló kọ ọ̀rọ̀ ara ògiri náà.

Nanjala kò jókòó. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀gá ẹ̀ka ìṣúná ti ń béèrè bóyá òun náà lè rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbà.

Ní Kitale, lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ olóògbé tò láti da yẹ̀pẹ̀ sínú sàréè. Nígbà tó kan Nanjala, Barasa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Màmá pè ẹ́ títí ohùn fi tán lọ́fun wọn. Kí ló dá ẹ dúró?”

“Ọ̀gá mi ní kí n ṣe sùúrù.”

“Kí ló ń ṣe tí kò fi jẹ́ kó o wá?”

Gbogbo ẹbí ń wò ó. Nanjala wá ọ̀rọ̀ tó sàn ju òtítọ́ lọ, kò rí.

“Ó ń ṣeré,” ó wí.

Barasa gba yẹ̀pẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dà á fúnra rẹ̀.