Òógùn Ojú Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Ìwà òmùgọ̀ tèmi ni kí n kọ́kọ́ sọ, kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Ọṣẹ dúdú ni mò ń tà ní Sabon Zongo. Ọṣẹ Alata ni àwọn ará Accra ń pè é, Alata náà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá, nítorí náà gbogbo oníbàárà mi gbà pé èmi ni mò ń sè é. N kò se ọṣẹ rí láyé mi. Obìnrin kan ní ìgbèríko ló ń sè é. Èmi á rà á ní bàsíà, màá gé e, màá jókòó tì í. Ìdí mi tó fẹ̀ báyìí, ìjókòó ló fẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Tinúkẹ́, ọmọ ọmọ mi, wá sọ pé òun fẹ́ kọ ìtàn nípa iṣẹ́ àṣekára mi, ó yẹ kí n sọ òótọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo yá ìkòkò ńlá, mo dáná sẹ́yìn ilé, mo ró ìró mọ́ àyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí n kò mọ̀. Èéfín kó sí mi lójú. Bí mo ṣe ń nu ojú ni ìró tú. Ọmọ náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń kọ̀wé lọ.

Accra ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Àrówólò, olóòtú kan ní Adabraka, ń ṣa ìtàn tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ jọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Ghana, kò sì sí ohun tó wu Tinúkẹ́ tó kí ìtàn tirẹ̀ wọ ìwé náà. Ó fi ránṣẹ́. Ọkùnrin náà dá a padà. Tinúkẹ́ jókòó nínú ìsọ̀ mi, ó ka èsì ọkùnrin náà fún mi láti ojú fóònù rẹ̀:

“Gbogbo ìyá àgbà tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí mi ló ń làágùn. Tìrẹ làágùn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wá di olówó lójú ewé tó kẹ́yìn. Òógùn la fi ń bo ibi tí a kò wò dáadáa. Kí ni ìyá yìí ń ṣe nígbà tí kò bá làágùn?”

“Olówó kẹ̀?” Wòsílátù ní. Ọ̀rẹ́ mi ni, ó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Ta ni olówó níbí?”

Tinúkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àpótí, ó jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Abena gbóòórùn gbogbo ọṣẹ, ó tẹ̀ wọ́n wò, ó bi mí bóyá èmi ni mo sè é. Mo ní ta ni ìbá tún sè é. Ó ní òun ń bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí i títí ó fi pòórá. Oòrùn yí sí wa lójú, mo gbé ọṣẹ sí ibòòji, mo tún rẹ́rìn-ín sí ẹlòmíràn.

“Ìyá àgbà, ó rẹ̀ mí,” Tinúkẹ́ ní bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́, “a ò sì ṣe nǹkan kan.”

“Ìwọ ni o ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn mí.”

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo jẹ́wọ́ fún un pé ẹlòmíràn ló ń se ọṣẹ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà lákọ̀tun. Yóò kọ ìlà kan, yóò wo ògiri, yóò pa á rẹ́. Mo ní kó dìde wá ṣiṣẹ́. Ó ní iṣẹ́ lòun ń ṣe. Mo wo iwájú orí rẹ̀: ó gbẹ táútáú.

Nígbà tó kà á fún wa, kò sí ìkòkò, kò sí èéfín. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò ní rajà, lẹ́bàá ọṣẹ tí ẹlòmíràn sè. Èmi gan-an ni.

“Ó dára,” mo ní, “ṣùgbọ́n dá ìkòkò yẹn padà síbẹ̀. Ìkòkò kékeré.”

“Ìyá àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Àrówólò á tún kọ̀ ọ́. Ọ̀la ló sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀.”

“Bí àwọn oníbàárà mi bá kà á ńkọ́? Ọjà mi ńkọ́?”

Wòsílátù ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó gbé e lé àwọn yòókù.

“Fi ránṣẹ́, ọmọ mi,” ó ní. “Èwo nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ló mọ Yorùbá kà?”