Òkè tó Wọ Bàtà Mi

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo gọ̀ o. Mo wọ bàtà sùn lọ́sàn-án nínú àgọ́ wa, kí ìyàwó mi má baà dá gun òkè kó fi mí sílẹ̀. O mọ̀ pé àwa méjèèjì ò nílé mọ́, ìlú dé ìlú là ń fẹsẹ̀ rìn.

Ni òkè náà bá dìde lójú àlá. Ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi, ó wọ̀ ọ́, ó ń so okùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọmọ iléèwé. Ìyàwó mi jókòó léjìká rẹ̀, wọ́n ń lọ. Akọni bíi tèmi ń sáré tẹ̀lé wọn láìwọ bàtà, mò ń sunkún, ohùn mi ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ìyàwó mi ló jí mi. "Bàbá Dúpẹ́, ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ ti fi gbá mi nípàá tó! Ṣé ẹni tó ń bá mi ru ìkòkò ni màá fi sílẹ̀?"