Àpótí Tó Ń Bu Iná Kù

"Ẹ gbé e kúrò lórí mi!" Tíṣà Matilda figbe ta lábẹ́ dráyà, èéfín sì ti ń rú jáde létí rẹ̀. Wàsílátù fa wáyà yọ lára ògiri, ó gbé dráyà náà sókè. Irun àárín orí oníbàárà rẹ̀ ti jó mọ́ rólà, awọ ibẹ̀ sì ti bó. Níta, àwọn ará Ìkọ̀tún ṣì ń hó yèè pé iná tó lágbára dé lónìí. Láti oṣù méjì tí Wàsílátù ti ṣí ṣọ́ọ̀bù irun rẹ̀, iná ìdajì tó ń ṣẹ́jú bí ojú arúgbó ni wọ́n ń rí.

Onílé ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ṣé ẹ fẹ́ sun ilé mọ́ mi lórí ni? Àfi kí ẹni tó so iná yìí wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kẹ́rù yín kó tó di Jímọ̀."

Ṣọ́ọ̀bù yìí ni Wàsílátù àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta fi ń jẹun. Ràímì ọkọ rẹ̀, atukọ̀, ló ra dráyà méjì fún un ní Amẹ́ríkà kó tó kú. Nígbà tí ẹrù dé èbúté, Wàsílátù ṣì wà nínú opó, oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá tí kò gbọdọ̀ jáde. Nùrẹ́nì, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló lọ gbà á. Iṣẹ́ iná ni Nùrẹ́nì ń ṣe. Ta ni ìbá tún fọkàn tán jù ú lọ? Dráyà kan ló gbé wá, ó ní èkejì ti bàjẹ́ lójú òkun. Ẹnu wáyà rẹ̀ pẹlẹbẹ, kò wọ ihò ara ògiri wa, ló bá fi orí pílọ́ọ̀gì mìíràn bọ̀ ọ́. "Ìyàwó wa, ó ti parí. Máa bá iṣẹ́ lọ jàre."

Ọ̀sán ọjọ́ tí dráyà jó yìí ni Wàsílátù gbọ̀nà ilé Nùrẹ́nì ní Ìṣẹ̀rí-Olófin.

"Bàbá Àdíját, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá onílé sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kò séwu."

"Èmi kẹ̀? Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi làágùn rà lo sun níná yẹn o!"

Wàsílátù wo pálọ̀ yíká. Àpótí irin kan ló ń kùn nídìí fíríìjì Amẹ́ríkà tó wà ní pálọ̀, wáyà fíríìjì sì wọ inú rẹ̀. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kọ̀wé sí i lára, ọwọ́ Ràímì gan-an: TI WÀSÍLÁTÙ. ÈYÍ NÍ Í BU INÁ KÙ SÍ ÌDAJÌ, BÍI TI AMẸ́RÍKÀ. MÁ TAN DRÁYÀ LÁÌSÍ I.

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó dun Wàsílátù wọ eegun.

"Ẹ kà á," ló wí. "Ẹ kà á, ẹ sì mọ̀."

"Ṣé kí Màmá máa mu omi gbígbóná nítorí irun ni?" Nùrẹ́nì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ta ló tiẹ̀ mọ̀ pé iná Ìkọ̀tún lè dára láéláé?"

Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀bù omi tútù lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè.

Onílé ti ṣọ́ọ̀bù pa ní ọjọ́ Jímọ̀. Kí oṣù tó yí, ìyàwó Nùrẹ́nì ṣí ṣọ́ọ̀bù irun tirẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí. Dráyà tó bàjẹ́ lójú òkun ló ń lò, àpótí irin náà sì ti kúrò nídìí fíríìjì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Wàsílátù ló ń bá a fọ irun níbẹ̀, torí pé àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun.

Bí oníbàárà bá yin dráyà náà, ìyàwó Nùrẹ́nì a rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi ló rà á fún mi."

Wàsílátù a sì tẹ orí ẹni tó kàn sínú bàsíà, a bu omi sí i.