Ọkùnrin Amọ̀ Tó Ń Rẹ́ Ògiri

Lemayian, ọmọ orogún mi, tó ń mú àlejò káàkiri ọgbà tí wọ́n ń kó ejò sí fún ìwòran, ló mú mi wọ ilé àkójọ ìṣe àwa Maasai tó wà nínú ọgbà náà. Ó dá mi dúró níwájú ère ọkùnrin kan tó ń fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ògiri.

"Màmá, bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́lé nìyí."

Mo pòṣé. "Baba ta ni? Èmi àti ìyá rẹ la kọ́lé tí wọ́n bí ọ sí. Abẹ́ igi ni bàbá rẹ jókòó sí, tó ń fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin!"

"Ẹ jọ̀ọ́, àwọn àlejò ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò! Ejò yín tó wà láhàámọ́ ò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń buni jẹ. Ìwọ tẹ́nìkan ò tì mọ́lé, o ti gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ."